Ère irinṣẹ́ ọdẹ ní orítà ìlú: kí ni ká gbé dúró, kí ni ká fi ṣe é?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọdẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kan lápá Òkè-Ògùn fẹ́ gbé ère dúró sí orítà mẹ́ta. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn jẹ́ mítà 6 ní òró, mítà 6 ní ìbú. Àbá méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ni ọdẹ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ajá rẹ̀ dúró tì í, tí a ó fi sìmẹ́ńtì mọ. Èkejì ni pé kí irinṣẹ́ ọdẹ fúnra wọn dúró láìsí èèyàn: ọrun, ọfà, apó, àkàtàm̀pó, ẹbìtì, ṣakabùlà. Èwo ni ká mú? Kí ni ká fi ṣe é tí kò fi ní dógùn-ún tàbí kó wó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ìwọ̀n àti iye, torí ọwọ́ àwọn tó máa ṣe é gan-an ni èsì yín ń lọ.

Ìyá Oníṣọ̀nà:
Irinṣẹ́ ni kí ẹ mú. Ère èèyàn le, ojú ló sì máa ń ba ibẹ̀ jẹ́. Bí ojú àti ìka kò bá ti gún régé, ọmọlangidi ni ará ìlú yóò máa rí, kò ní sí ẹni tó rántí ọdẹ mọ́. Irinṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ àwọn baba tó ń lò ó. Ká wọ̀n ọ́n dáadáa, ká sọ ọ́ di ńlá ló kù.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Ọsirélíà. Judy Watson, ọmọ ẹ̀yà Waanyi tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀, ṣe ère kan tó ń jẹ́ tow row ní 2016, síwájú ilé iṣẹ́ ọnà GOMA ní Brisbane. Àwọ̀n ìpẹja tí àwọn onílẹ̀ agbègbè náà máa ń hun ló fi idẹ ṣe. Kò sí apẹja níbẹ̀, àwọ̀n nìkan ló dúró, o sì mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló hun ún. Ní 2022, ó tún ṣe bara ní Sydney, lórí pápá gíga tó kọjú sí Opera House. Ìwọ̀ ìpẹja tí àwọn obìnrin Gadigal, onílẹ̀ Sydney, ń fi ìkarahun gbẹ́ ni bara, ohun tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, òun ló di ohun tí èèyàn ń gbójú sókè wò.

Ẹ wo ohun tó ṣe: irinṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ère kan. Bí ẹ bá kó irinṣẹ́ mẹ́fà jọ sójú kan, àtẹ ọjà lẹ gbé dúró yẹn. Ọ̀kan ni kó ṣe olórí, kí ìyókù wà lára ìpìlẹ̀.

Ará Salvador:
Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìhín, Salvador ní Brazil, kún un. Àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Brazil gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì dání, àmì rẹ̀ níbí ni wọ́n ń pè ní ofá. Ọfà ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ọrun àti ọfà ni, tí a jó pọ̀ di irin kan. Ní Cuba náà, irin kékeré tó ní ìrísí ọrun àti ọfà ni ti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, inú ìkòkò Ògún ló sì máa ń wà. Ní Dique do Tororó, adágún omi kan ní ìlú Salvador, Tatti Moreno gbé àwọn ère òrìṣà dúró sójú omi ní 1998. Tí o bá dúró létí omi, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn lo fi ń mọ èyí tó jẹ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kí o tó rí ojú rẹ̀.

Àbá mi ni kí ẹ ṣe ọrun tí a ti fà, tí ọfà ṣì wà lórí rẹ̀. Kí ìdí ọfà jókòó sórí ìpìlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí ọsán ya láti ìdí ọfà lọ sí orí ọrun méjèèjì. Ọfà di òpó, ọsán di ọwọ́ méjì tó gbé ọrun ró. Ọrun tó bá dá dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mímì ni yóò máa mì nínú afẹ́fẹ́ títí ẹsẹ̀ náà yóò fi sán.

Jórinjórin:
Ẹ̀gbọ́n Salvador ti bá mi sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ mú ọrun gidi lọ́wọ́ ọdẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sọ gbogbo ìwọ̀n di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọrun bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 125, tí ọfà jẹ́ 70, ọrun ère di mítà 5, ọfà di mítà 2.8. Ìpìlẹ̀ tó ga ní mítà 1.5 yóò gbé ẹnu ọfà sókè tó mítà 4.3.

Fún ọfà, páìpù irin tó fẹ̀ ní míìlìmítà 114, tí ara rẹ̀ nípọn tó 4.5. Mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kílò 12, gbogbo rẹ̀ kílò 34. Fún ọrun, páìpù 89 tí ara rẹ̀ jẹ́ 4, kílò 42. Ṣùgbọ́n ọrun kì í nípọn dọ́gba látòkè délẹ̀. Àárín rẹ̀ ki, ó ń tín-ín-rín lọ sórí. Ẹ gé ìrísí V mẹ́rin sí ẹnu páìpù náà, ẹ fi òòlù gbá etí wọn pọ̀, ẹ jó o, ẹ sì fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kó dán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ère ọrun ti ń dà bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn: wọn kì í tín in.

Láti tẹ̀ ẹ́, ẹ rọ yanrìn gbígbẹ sínú páìpù, ẹ máa gbá ara rẹ̀ kó lè kì, ẹ fi igi dí ẹnu méjèèjì. Ẹ finá sí ibi tí yóò tẹ̀ títí tí yóò fi pọ́n, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán tí ẹ fi ẹfun yà sílẹ̀. Yanrìn yẹn ni kì í jẹ́ kí inú páìpù rún. Àmọ́ yanrìn tó bá ní ọ̀rinrin nínú yóò di oru nínú páìpù tí a dí, yóò sì bú lójú oníṣẹ́. Ẹ yan án nínú agbada irin kó gbẹ ráúráú kó tó wọlé.

Ọsán kì í gùn tó ọrun, ó kúrú jù ú lọ. Ère tí ọsán rẹ̀ bá gùn ju ọrun lọ, ọdẹ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó ṣe é kò tafà rí. Fún ọrun mítà 5, ẹ gé ọ̀pá irin méjì tó jẹ́ míìlìmítà 20, mítà 2.35 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo wáyà. Wáyà tí a fà le yóò máa dún nínú afẹ́fẹ́, ibi tí a so ó mọ́ yóò sì já lọ́jọ́ kan. Ọ̀pá ń gbé ẹrù, wáyà kò lè gbé e.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọdẹ:
Ọ̀gá, kí ló máa ń jẹ irin láti inú? A ti rí òpó irin tó dán lóde, tí ìdí rẹ̀ sì kán lójijì.

Jórinjórin:
Omi ló ń wọ inú rẹ̀, tí kò rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá jó páìpù pa, ẹ lu ihò míìlìmítà 10 sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa gbé e lọ rì sínú síǹkì yíyọ́ kó má baà dógùn-ún, ihò yẹn di dandan, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Síǹkì yíyọ́ gbóná tó dígírì 450. Afẹ́fẹ́ àti omi tó há sínú irin yóò bú nínú rẹ̀. Ẹ jó gbogbo rẹ̀ tán kó tó wọ síǹkì. Ẹni tó bá ń jó irin tí síǹkì ti wà lára rẹ̀, èéfín rẹ̀ májèlé ni.

Bí kò bá sí àyè síǹkì nítòsí, ẹ fi yanrìn fẹ́ ara irin náà títí yóò fi funfun, ẹ kun ọ̀dà tó ní síǹkì púpọ̀ nínú lọ́jọ́ kan náà, ọ̀dà epoxy, tí a ń po apá méjì pọ̀ kó lè le, lé e, kí ọ̀dà tó lè fara da oòrùn gbẹ̀yìn. Irin tó bá sùn mọ́jú kí a tó kùn ún ti ń dógùn-ún nìyẹn.

Bàbá Apó:
Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan ló bí mi nínú. Ẹ kọ ẹnu ọfà sí òkè gan-an? Ṣé ẹ ti gbàgbé atafà-sókè-yídó-borí? Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lórí rẹ̀ ni wọ́n ó ti fi òwe yẹn pe ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Kí ó kọjú sí apá tí igbó wà, kí ó má kọjú sí ààfin, kí ó má kọjú sí ilé ìwé tàbí ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà bọ̀.

Ìdí ọfà náà kì í ṣe ṣóńṣó. Ó ní ẹnu kékeré tí ọsán ń wọ̀ sí, ìyẹ́ sì wà lókè ibẹ̀. Mo rí i pé ẹ kò dárúkọ ìyẹ́.

Ní ti ṣakabùlà, èmi kò fẹ́ kó dá dúró nínú ère. Ẹnu ìbọn kì í kọjú sí èèyàn, ì báà jẹ́ ti sìmẹ́ńtì, orítà mẹ́ta kò sì ní apá tí èèyàn kò sí.

Bírikìlà:
Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìbọn ni ọdẹ ń gbé lónìí. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ọmọ tó ń kọjá yóò rò pé àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ nìkan ni a ń yìn.

Bàbá Apó:
O sọ òótọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sára ìpìlẹ̀ nígbà náà, kó dúró lórí ìdí rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè, bí a ṣe ń gbé e ti ògiri. Àkàtàm̀pó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹbìtì ní ẹ̀kẹta. Fún ẹbìtì, ẹ ṣe é bí a ṣe ń dẹ ẹ́: òkúta pẹlẹbẹ lókè, igi tó gbé e ró, àti igi kékeré tí ẹran yóò fara kàn. Bí igi kékeré yẹn kò bá sí, òkúta tí a gbé lé igi lásán ni. Pákó ẹbìtì tòótọ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí ọmọdé yóò fọwọ́ kàn án.

Bírikìlà:
Mo gbọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá sí ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ère tó wó, ara ère kọ́ ló yẹ̀, ìdí rẹ̀ ni.

Afẹ́fẹ́ ìjì tó ń sáré ní mítà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ń ti gbogbo mítà kan níbùú-lóròó pẹ̀lú agbára bíi kílò 100. Ère yìí kò ju mítà kan níbùú-lóròó lọ, ẹ jẹ́ ká pè é ní kílò 120 torí ìrísí rẹ̀. Ibi tó ti ń tì í ga tó mítà 3.3 sórí ìpìlẹ̀ abẹ́ ilẹ̀: 120 lọ́nà 3.3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, ìyẹn agbára tó fẹ́ bì í ṣubú, ní kílò lọ́nà mítà. Bí ó bá fì ní dígírì 25, torí bàbá ní kó fì díẹ̀, ìwúwo tirẹ̀ fi nǹkan bí 76 kún un. Ẹ ka ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó gun orí ọrun mọ́ ọn, kílò 160 lọ́nà mítà 1.95, ìyẹn 312. Àròpọ̀ rẹ̀ kò tó 800.

Kọnkéré abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1.5 lọ́nà 1.5, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, wúwo tó kílò 3,240. Láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 0.75, nítorí náà 2,430 ló fi ń di ère mú. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tó lè bì í ṣubú. Èmi kò ní gbà kó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́sàn-án fún abẹ́ ilẹ̀, mẹ́fà tàbí méje fún òpó ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí 80: sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Omi lítà 25 fún àpò kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn nítorí ó rọrùn láti dà. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ yóò ṣe dín kù tó. Ọ̀pá irin míìlìmítà 12 ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn, ní òró àti ní ìbú. Kí kọnkéré tó bò ó nípọn tó míìlìmítà 50. Irin tó sún mọ́ ojú yóò dógùn-ún. Tó bá ti dógùn-ún, ó máa ń wú, òun ló ń la kọnkéré. Ìlà pupa ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ère, lẹ́yìn náà ni ègé kan yóò já bọ́, irin yóò sì hàn síta. Ìdọ̀tí ojú ère lásán kọ́ ni ìlà náà. Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kó pé ọjọ́ 28 kí ère tó gorí rẹ̀.

Bọ́ọ̀tì mẹ́rin tó nípọn ní míìlìmítà 24, tí ìdí rẹ̀ tẹ̀, yóò wọ kọnkéré tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ fi pákó tí a ti lu ihò sí di orí wọn mú nígbà tí ẹ bá ń da kọnkéré. Bí wọ́n bá yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, pléètì ìdí ère kò ní wọlé mọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọdẹ:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbà kan ń béèrè bóyá a lè fi idẹ ṣe gbogbo rẹ̀, bíi ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe sí Marina l'Ékòó ní 1964.

Asúdẹ:
Idẹ ló dára jù ní ti pípẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lu Ṣàngó yẹn láti 1964, ó ṣì dúró. Àwọ̀ bíi ti ewé tó ń yọ lára idẹ kì í jẹ ẹ́ bí ìdógùn-ún ṣe ń jẹ irin. Ó ń bò ó. Ṣùgbọ́n owó gbogbo ère yìí ní idẹ, ẹ kò ní lè san án, bí ẹ bá sì san án, àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò fi ojú sí i. Ẹ fi irin ṣe ara, kí ẹ fi idẹ ṣe ẹnu ọfà nìkan. Ibẹ̀ ni oòrùn yóò ti máa tàn, ó sì ga kọjá ibi tí ọwọ́ olè ń dé.

Ẹnu ọfà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 25, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ yanrìn ṣe inú rẹ̀, ẹ fi ìda bò ó, kí ìda náà nípọn tó míìlìmítà 5 yípo. Ẹ lo ọ̀bẹ kékeré tó gbóná díẹ̀ láti tẹ ìlà àárín rẹ̀ àti etí rẹ̀ jáde, torí ohun tí ìda bá gbà ni idẹ yóò gbà. Ẹ fi ìṣó idẹ gba inú ìda wọnú amọ̀, kí amọ̀ inú má baà yẹ̀ nígbà tí ìda bá yọ́ jáde. Ìṣó yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, tí ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi nípọn, tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì lu. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìda ṣe ọ̀nà tí idẹ yóò gbà wọlé àti ọ̀nà méjì tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, kí amọ̀ tó bò ó.

Ẹ wọn ìda náà, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà rẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó fi amọ̀ bò ó. Ìlọ́po 10 rẹ̀ ni idẹ tí ẹ ó yọ́. Fún èyí, ìda yóò tó kílò kan àti díẹ̀, nítorí náà ẹ yọ́ idẹ kílò 12. Bí idẹ bá tán ní àárín dídà, kò sí àtúnṣe. Èyí tí ẹ bá dà lé e kò ní lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ sun amọ̀ náà títí yóò fi pọ́n, kí ìda jáde tán, kí omi inú amọ̀ tán pẹ̀lú. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù yóò di oru, yóò ta idẹ yíyọ́ sí yín lójú, tàbí kó fi ihò wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn tó ṣe orí Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 gbà. Ẹ wo bí ara àwọn orí yẹn ṣe fẹ́lẹ́ tó, ẹ ó mọ̀ pé wọn kì í kánjú sun amọ̀.

Ẹ fetí sí èyí náà: idẹ kò gbọdọ̀ kan irin ní tààrà. Bí òjò bá rọ̀ sáàárín wọn, irin ni yóò jẹrà tán. Ẹ fi rọ́bà nípọn sáàárín, kí bọ́ọ̀tì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, kí rọ́bà sì yí bọ́ọ̀tì náà ká pẹ̀lú.

Ìyá Oníṣọ̀nà:
Gbogbo yín ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Àwọn ọmọdé yóò gùn ún, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ẹ wo àlàfo ìyẹ́ ọfà dáadáa: àlàfo tó bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 9 sí 23 ni orí ọmọ máa ń há sí. Kó kéré jù 9 tàbí kó tóbi jù 23. Orí ọrun méjèèjì ga kọjá mítà 2.5 nínú ìwọ̀n tí ẹ sọ, ìyẹn dára. Ẹ fi irin roboto parí wọn, kí wọ́n má ṣe ṣóńṣó.

Èkejì ni ètùtù. Ẹgbẹ́ ọdẹ ni, ọjọ́ Ògún yóò dé, wọn yóò ta epo síbẹ̀. Epo pupa ń jẹ kọnkéré díẹ̀díẹ̀, àbààwọ́n rẹ̀ kì í sì í kúrò. Ẹ má sọ pé kí wọ́n má ta á. Ẹ gbé òkúta àpáta kan sílẹ̀ níwájú ère, mítà kan sí i, kó jẹ́ ibẹ̀ ni epo àti ẹ̀jẹ̀ yóò máa lọ, kí omi òjò lè ṣàn kúrò níbẹ̀ sí gọ́tà. Fún màrìwò, ẹ jó ìkọ́ méjì tí kì í dógùn-ún mọ́ ìdí ọrun. Màrìwò tí a wé mọ́ ara irin ń mú omi dúró, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà yóò ti kọ́kọ́ wú.

Tíṣà Èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ àkọlé. Ẹ ó kọ orúkọ irinṣẹ́ sára ìpìlẹ̀, àbí? Ẹ má gbé e fún ẹ̀rọ tó ń gé lẹ́tà láìwò ó. Lẹ́tà bíi ọ̀ àti ẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni kì í ní i. Àmì ohùn yóò fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ọrun ni ẹ fẹ́ kọ. Bí àmì bá ṣì wọlé, ó di ọ̀run tàbí ọrùn. Ọfà ni ti ọdẹ, Ọ̀fà ni ìlú. Bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ kún un, ẹ ṣọ́ ọ gidigidi: ọkọ̀ ń gbé èèyàn, ọkọ́ ń roko, ọkọ ń gbé ìyàwó.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ gan-an, kí àgbà méjì tó mọ̀ ọ́n kà fọwọ́ sí i, kí oníṣẹ́ tó gé e. Kí lẹ́tà ga tó sẹ̀ǹtímítà 4, kí àmì ìsàlẹ̀ jìnnà sí ara lẹ́tà tó míìlìmítà 3, torí ọ̀dà yóò dí i bó bá sún mọ́ ọn jù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọdẹ:
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀la ni a ó lọ wọn ọrun méjì tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà ọdẹ, ní ibi márùn-ún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Apó, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹ́ mélòó ni kí a fi sí ìdí ọfà?

Bàbá Apó:
Ẹ wo ọfà tí wọ́n bá fún yín lọ́la. Iye tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi sí i.